Ìbejì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹnìkan

Ẹni tí mo fẹ́ bú lónìí kò lè pè mí lẹ́jọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí n tó jókòó. Ibi tó ń gbé jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tó lè sáré jù ú lọ, ń lo ọdún 18.8 lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá bú u lálẹ́ yìí, tí mo sì rí ẹni bá mi gbé èébú náà gun ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 19 kó tó gbọ́. Kó tó bínú tán, kó tó wá lọ́yà, kí ìwé lọ́yà náà tó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ti di ọdún 38. Olóòtú tó ń pè mí láràárọ̀ pé iṣẹ́ mi dà á ti fẹ̀yìntì nígbà náà. Èmi náà á ti di bàbá arúgbó tí wọ́n ń tì mọ́lé kó má baà ṣìnà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bú u dáadáa.

Gliese 229B ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ti bẹ̀rẹ̀ èébú o, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Wilhelm Gliese, ará Jámánì, ló jókòó tó ka àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí Oòrùn wa, tó tẹ ìwé wọn jáde ní 1957, tó fún kálukú ní nọ́ńbà bí ìgbà tí wọ́n ń pín nọ́ńbà fún aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà dókítà. Ìràwọ̀ kan gba 229. Nígbà tí wọ́n wá rí ẹlòmíràn tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́ ní A, wọ́n pe èkejì ní B, ó parí. Kò sí oríkì, kò sí ẹja, kò sí oyin, kò sí àádùn. Nọ́ńbà ilé lásán ni wọ́n fi kó o jáde.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ A bẹ̀rẹ̀, torí a kì í fo ẹ̀gbọ́n dá ká lọ bú àbúrò.

A yìí jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní aràrá pupa. Àwọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àwọn ẹni òòṣà kò sí nínú ìjà yìí. Ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìdajì ìwọ̀n Oòrùn. Ahun ni. Ahun paraku. Ìràwọ̀ ńlá a máa náwó bí ọmọ onílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta púlọ́ọ̀tì mẹ́ta: á tàn yòò, á jó gbogbo háídrójìn inú rẹ̀, láàárín mílíọ̀nù ọdún díẹ̀, gbàù, ó ti lọ. Aràrá pupa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Á bu háídrójìn bíńtín sínú iná, á wo ìyókù, á ní ó di ọ̀la. Ó ti tó bílíọ̀nù ọdún 13.8 tí àgbáyé ti wà, kò sì tíì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ogbó pa. Gbogbo wa pátá ni wọ́n máa sin. Ẹ kàn má retí pé wọ́n máa dá owó ìsìnkú.

Wọ́n sì pọ̀ bí eṣú. Nínú gbogbo ìràwọ̀ mẹ́rin tó wà nínú Milky Way tiwa, bíi mẹ́ta jẹ́ aràrá pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jáde lálẹ́, ẹ gbójú sókè, ẹ wá ẹyọ kan kàn mí. Ẹ ò ní rí i. Àní Proxima Centauri, tí kò sí ìràwọ̀ mìíràn tó sún mọ́ Oòrùn wa tó o, aràrá pupa lòun náà, ojú lásán kò sì rí i rí. Irú ẹbí wo nìyẹn? Wọ́n kún gbogbo àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n lójú.

Mo gbìyànjú o. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti dẹwọ́ tí ojú sánmà mọ́, tí àwọn oníná sì ti bá wa mú iná wọn lọ, mo yá awò ọlójú méjì tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá, mo gun bákónì òkè lọ. Ọdẹ kan wà lójú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Orion. Ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ ni ìgbànú rẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ehoro wà, inú Ehoro yìí sì ni Gliese 229 ń gbé. Ẹ fojú inú wo àdúgbò náà ná. Ọdẹ kan fẹsẹ̀ tẹ ehoro mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò tíì rí i sè. Ẹ wá ń retí kí ohun gidi ti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ jáde.

Mo wò títí ọrùn ń dùn mí. Mo rí àwọn ẹ̀kán kéékèèké kan tí wọ́n ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé Bíbélì àti irin fún mi, n kò lè búra pé èyí ni ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Ìbejì, tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì wa, fi gbé ohùn sókè:

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá lókè níbẹ̀ yẹn? Ṣé wọ́n tún ń gé wáyà ni?”

“Ìràwọ̀ ni mo ń wò.”

“Ìràwọ̀ ta ni? Ẹ ti di wòlíì lẹ́yìn wa nìyẹn?”

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Mo ra àkàrà, mo fa àpótí kan, mo jókòó. Mo ní ìràwọ̀ kan ló wà tí kò lè dáná.

“Kí ló wá ń ṣe ìràwọ̀ sí?” ni ó bi mí, ó sì fi ìgbákọ yí àkàrà padà nínú epo.

Ìbéèrè tí Shiv Kumar ń bi ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1963. Ìràwọ̀ gbogbo, kùrukùru gáàsì ló ń fún ara rẹ̀ pọ̀. Bó ṣe ń fún pọ̀ ni àárín rẹ̀ ń gbóná. Bó bá wúwo tó, ooru àárín náà á mú háídrójìn gbiná, iná ti wọlé nìyẹn, ìràwọ̀ ti dé. Bí kò bá wúwo tó ńkọ́? Òkúta òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni Júpítà, tí òun nìkan wúwo tó ilé ayé wa lọ́nà 318. Ẹni tó bá fẹ́ jó háídrójìn gbọ́dọ̀ wúwo tó Júpítà bíi 75 sí 80. Bí kò bá dé ibẹ̀, á kàn gbóná fún ìgbà díẹ̀ torí fífún tó fún pọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Títí láé ni yóò máa tutù.

N kò rí bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí wàásù. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀ ni mo rí i: èédú inú àdògán Ìyá Ìbejì ti jó kọjá ìdajì, kò sì fi òmíràn sí i torí àkàrà ti ń parí lọ. Ọwọ́ iná ti wọlẹ̀, ògúnná nìkan ló kù tó ń pọ́n rúsúrúsú, tí eérú funfun ti ń bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí epo inú agbada sì ti dákẹ́ ariwo rẹ̀.

“Tí ẹ ò bá fi èédú sí i mọ́ ńkọ́?”

“Á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà ni, títí á fi di eérú.”

“Ìràwọ̀ tí mò ń wí nìyẹn. Àdògán tí wọn ò fún ní èédú láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n.”

Ó ṣe háà, ó ní ẹni tó mọ àdògán bẹ́ẹ̀ ṣèkà.

Aràrá búráùn ni wọ́n ń pe irú wọn. Ní 1975 ni Jill Tarter fún wọn lórúkọ yẹn, nígbà tó ń kọ ìwé ìwádìí oyè dókítà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó ti rí búráùn. Wọn kì í ṣe búráùn rárá. Àwọn tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní bí ènìyàn bá fi ojú rí wọn nítòsí, àwọ̀ wọn á wà láàárín àlàárì àti àlùkò. Aṣọ òkè ìyàwó! Ẹni tó wọ aṣọ ìgbéyàwó jáde lẹ ń pè ní aláwọ̀ ilẹ̀. Ìwọ B, èébú yìí kì í ṣe tìẹ, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ni mo ń bú. Dúró, tìẹ ń bọ̀.

Wọ́n wá irú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, wọn ò rí i. Wọ́n á pariwo pé àwọn ti rí ọ̀kan, lọ́la wọ́n á ní rárá, àwọn ṣì í mú ni. Ó dà bí ìgbà tí à ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó wá di oṣù Ọ̀wàrà 1994, lórí òkè Palomar ní California, àwọn bíi Tadashi Nakajima, Shri Kulkarni àti Oppenheimer, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, na awò ńlá kan sí ẹ̀gbọ́n ahun wa. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ju ohun tí gbogbo awakọ̀ ń ṣe lójú ọ̀nà Ìbàdàn lóru lọ. Bí ẹnìkan bá tan iná mọ́tò rẹ̀ sí ọ lójú fúló, o ò ní fi ọwọ́ bo iná náà kó o lè rí ọlọ́kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Wọ́n fi ohun pẹlẹbẹ kan bo ojú ẹ̀gbọ́n nínú awò, wọ́n sì ń mú dígí kan mì tìtì kó lè bá jìgìjìgì afẹ́fẹ́ ilé ayé ṣe déédéé. Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n bò, ẹ̀kán kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọn ò pariwo. Ohun tí mo fi ń kí wọn nìyẹn, bó ti wù kí n máa ṣàwàdà tó. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dákẹ́, kí wọ́n lè wò ó bóyá ẹ̀kán náà á bá ẹ̀gbọ́n rìn. Gbogbo ìràwọ̀ ló ń rìn lójú ọ̀run díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ àjèjì tó kàn dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n lọ́ọ̀ọ́kán ni, ẹ̀gbọ́n á fi í sílẹ̀ lọ. Ọdún yípo, ẹ̀gbọ́n sún, ẹ̀kán sún. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 1976 ló ti gbéra nílé. Tarter ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ níhìn-ín, ọmọ náà sì ń wọ bàtà lọ́hùn-ún láti máa bọ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ Gliese 229B, jókòó.

Oṣù Ọ̀wàrà 1995 ni wọ́n kó ọ jáde ní Florence ní Ítálì, níbi tí gbogbo àgbà awòràwọ̀ péjọ sí. Ọjọ́ tó yẹ kí ayé pè é ní tìrẹ. Àfi bí Michel Mayor àti Didier Queloz láti Switzerland ṣe dìde nínú ìpàdé kan náà, tí wọ́n ní àwọn ti rí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ tó dà bí Oòrùn wa po, 51 Pegasi b. Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn akọ̀ròyìn tú yáyá lọ bá wọn. Ìwọ tí ò ń ṣe ìkómọ rẹ jẹ́jẹ́, ìwúyè ọba lẹ jọ bọ́ sọ́jọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ìwọ ńkọ́? Wọ́n fún ọ ní lẹ́tà B. Àwọn ará Spéìn tiẹ̀ ti gbé tiwọn, Teide 1, jáde lọ́dún kan náà, kí ìwọ má baà rí ẹnu sọ pé ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí.

Wọ́n yà ọ́ ní fọ́tò. Ọjọ́ 17 oṣù Bélú 1995 ni wọ́n gbé Hubble, awò tó ń fò lókè ayé, kọjú sí ọ. Fọ́tò náà jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹ̀bá òde fọ́tò ló dúró sí, síbẹ̀ ìtànṣán rẹ̀ gba gbogbo ojú ìwé bí agbádá ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú dáńfó. Ìwọ ni ẹ̀kán funfun kékeré tó kángun sí ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò tìrẹ o! Ahun tí kò ná kọ́bọ̀ rí ló tún rí ibi ná ìmọ́lẹ̀ sí lọ́jọ́ náà.

Wọ́n wá wo ohun tí ò ń mí síta, wọ́n bá mítéènì níbẹ̀. Gáàsì tó ń bá gùfẹ̀ màlúù jáde, tó ń hó lábẹ́ irà, tó ń gbiná nínú àkìtàn. Ìràwọ̀ gidi gbóná ju kí mítéènì gbé ara rẹ̀ lọ. Á tú ká. Oòrùn wa ń jó bíi dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 5,500 lójú, ìwọ kò ju bíi 600 lọ. Júpítà tí kì í ṣe ìràwọ̀ ló ní irú mítéènì bẹ́ẹ̀ lára. Ìwọ tí o ní ìràwọ̀ lo fẹ́ jẹ́, wọ́n gbọ́ òórùn ẹnu rẹ, wọ́n ní ọmọ ilé Júpítà ni ọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní mítéènì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Mítéènì yìí náà ló sọ ọ́ di olókìkí. Irú rẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé. Aràrá búráùn tí wọ́n ti rí lẹ́yìn rẹ lé ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ń gbé èyí tó bá tutù nínú wọn wá síwájú rẹ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó jọ ọ́. Ìwọ ni kóńgò tí gbogbo ọjà fi ń wọn gàrí.

Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ní kí wọ́n wọn kóńgò fúnra rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ jókòó sílé, géètì ga, ẹ ò rí ju orí alájì tó ń kọjá lóde lọ. Orí náà ń lọ jẹ́jẹ́, lójijì ó ya sọ́tùn-ún, ó tún padà sípò, ó ya sósì, fìlà sì fẹ́ẹ́ já bọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé àgbò ni alájì ń fà, ẹ sì ti mọ̀ bóyá àgbò ńlá ni tàbí òbúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Sátẹ́láìtì Hipparcos àti Gaia ti Yúróòpù, tí bí ọdún 25 wà láàárín wọn, wo bí orí ẹ̀gbọ́n ahun ṣe ń yà, wọ́n sì fi mọ ìwúwo ohun tó ń fà á. B wúwo tó Júpítà 71.

Mọ́kànléláàádọ́rin! Ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ báyìí kí o wọlé. Mo ṣàánú rẹ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo rò ó pé bí ọmọ ilé wa tó fi máàkì mélòó kan pàdánù yunifásítì ni, tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo àlejò pé “ó kù díẹ̀ gan-an, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.” Àfi bí wọ́n ṣe wá wo ìmọ́lẹ̀ rẹ. Ẹni tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ṣì máa tàn dáadáa ní ọjọ́ orí rẹ. Ìwọ ń ṣe bàìbàì, o rẹlẹ̀ sí Oòrùn ní ìlọ́po 100,000 ó lé. Ara ńlá, iná àtùpà. Àwọn tó ń ṣírò ìgbésí ayé ìràwọ̀ fi ọwọ́ họrí. Àwọn kan ní bóyá ìṣirò àwọn ló ní àléébù. Wọ́n tún un ṣe, kò bá a mu. Ní 2021 àwọn kan wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé àbí ẹnìkan mìíràn wà nínú aṣọ yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí mo bá ìtàn dé nìyí tí Ìyá Ìbejì fi bú sẹ́rìn-ín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi sínú epo.

“Ẹ̀gbọ́n, ìbejì ni.”

“Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná, Ìyá Ìbejì.”

“Kí lẹ tún fẹ́ dé? Ara tó tóbi tí okun kò bá a mu? Nígbà tí mo wà nínú oyún àwọn wọ̀nyí, nọ́ọ̀sì kan ní mo sanra jù, ó ní mò ń jẹ iyán lóru. Ó ní kí n dín oúnjẹ kù. Oṣù márùn-ún ló fi ń bú mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, orí méjì ni wọ́n rí. Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí títí dòní.”

Òun tí kò kọjá ẹnu àdògán ló fi ìṣẹ́jú kan rí ohun tó gba Palomar, Hubble, Hipparcos àti Gaia ní ọdún 29.

Lóòótọ́, oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Jerry Xuan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Caltech kọjú sí Chile, níbi tí awò ńlá mẹ́rin wà lórí òkè Paranal, tí ojú kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní mítà 8. Wọ́n so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí awò kan. Nígbà tí ojú mẹ́rin wò ó papọ̀, ẹ̀kán kan pín sí méjì. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ mìíràn wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ni, tó ń jìnnà síni. Èsì méjèèjì bára mu. Ẹgbẹ́ kejì tó lo awò Keck ní Hawaii náà dé ibì kan náà. Oppenheimer, ọmọ iléèwé ọjọ́sí, sì wà lára àwọn tó kọ ìwé ti 2024. Ó bá wọn kó ọmọ jáde ní 1995, ọmọ ti di ọmọ ọdún 29 kí wọ́n tó sọ fún un pé ọmọ méjì ló gbé.

Ọ̀kan wúwo tó Júpítà 38. Èkejì tó 34. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ju ìlọ́po 16 ọ̀nà ilé ayé sí òṣùpá lọ. Ẹ lè da gbogbo ijó wọn sí àárín Oòrùn àti Mercury kí ààyè ṣì ṣẹ́kù fún onílù. Wọ́n á jó báyìí, wọ́n á tún jọ yí ẹ̀gbọ́n po lọ́dún bíi 250 lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà báyìí gbẹ̀yìn, Ọ̀yọ́-Ilé kò tíì tú.

Ó dáa, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde dúró. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti ṣàánú yín fún máàkì 71? Ìdánwò kan ṣoṣo lẹ jọ wọlé ṣe! Ẹni méjì nínú yunifọ́ọ̀mù kan, lórí àga kan, ẹ pa máàkì pọ̀, ẹ ò sì tún yege. Ẹni tó gbìyànjú jù nínú yín, agbára káká ló fi dé ìdajì. Gbogbo ọjà sì ti ń fi yín wọn gàrí láti 1995, wọn ò mọ̀ pé kóńgò méjì ló ki bọ inú ara wọn. Jìbìtì tiyín ga ju ti ẹni tó ń ti ìdí kóńgò sókè lọ.

Orúkọ tuntun tí wọ́n wá fún yín ni Ba àti Bb. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn òyìnbó ò mọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣe kòńgẹ́: ẹni tó ba mọ́lẹ̀ sẹ́yìn èkejì rẹ̀ fún ọdún 29, Ba náà ni kí wọ́n máa pè é. Bb ńkọ́? Ó ba lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ẹ gbà mí, ohun tí a ti ní lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n lọ fi lẹ́tà dípò. Ìbejì kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó ronú orúkọ; orúkọ àmútọ̀runwá ni tiwọn. Ta ló tún bá ọ̀run tan ju àwọn wọ̀nyí lọ? Ká ní Ìgbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, ni wọ́n gbé ìwé náà kọjá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà kan ni ì bá bá wọn tún orúkọ yẹn ṣe kó tó wọ kíláàsì.

Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé òun ló gba Nobel lálẹ́ yìí. Ó ní ṣé owó wà níbẹ̀. Mo ní owó wà, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ mi.

“Èwo ló ṣíwájú nínú wọn?” ni ó tún bi mí.

“Èyí tó wúwo jù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ jù, ni wọ́n pè ní Ba. Òun ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́.”

“Táyé nìyẹn. Kékeré yẹn ló rán an jáde. Òun ni ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní mo máa kọ̀wé sí Caltech. Ó ní kí n má gbàgbé nọ́ńbà fóònù òun.

Ògúnná inú àdògán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú eérú tán. Àwọn ìbejì tirẹ̀ wà lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n ń jà lórí tọ́ọ̀ṣì kan. Ìyá wọn fi ìgbákọ kó àkàrà tó gbẹ̀yìn, ó pín méjì méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì gbé méjì lé orí bébà kan sọ́tọ̀ sórí ògiri géètì, lábẹ́ ojú ọ̀run gbangba.

“Ti ta ni ìyẹn?”

“Tàwọn ìbejì yín tó wà lókè ni. A kì í mú ẹ̀wà yọ ìbejì lẹ́nu.”

Mo dúpẹ́ lórúkọ wọn. Mo ní ọ̀nà wọn jìn, ọdún 18.8, àkàrà á ti tutù kó tó dé ibẹ̀, nígbà tó yípo wo èédú ni mo na ọwọ́.